Ogójì Òwúrọ̀ Níwájú Àpótí Ẹ̀kán

Mo tún aṣọ ọrùn mi so, mo so ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Sìdíkátù, ọ̀rẹ́ mi tó tò sẹ́yìn mi, sọ ọ́ sí mi létí pé kí n rọra, ó ní ojú mi ti ń pọ́n. Mo ní ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Mo sé èémí, mo dorí kodò bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ já bọ́, mo ka ení dé ogún, kí n tó gbé ojú ọ̀tún lé ihò Àpótí.

"Fẹ̀hìntọlá Ajíṣebútú, aláró," ni Àpótí wí, pẹ̀lú ohùn obìnrin kan tí kì í rẹ̀ ẹ́. "Ìfúnpá ojú yín jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Ẹ gba ẹ̀kán yín."

Ẹ̀kán kan sí ọ̀tún, ẹ̀kán kan sí òsì. Ó tutù, ó sì ta mí bó ti máa ń ta mí láti ọdún mọ́kànlá. Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo tú aṣọ náà, mo mí kanlẹ̀. Sìdíkátù náà so tirẹ̀, ó dorí kodò, Àpótí pe mọ́kànlélógún fún un, ó sì gba ẹ̀kán tirẹ̀. Bí a ti ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn ní Ìsàlẹ̀-Àpáta, gbogbo àwa mọ́kànlélọ́gọ́ta tí gilakómà ń yọ́ jí ojú wa gbé lọ. Èmi ni mo kọ́ wọn. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo sáré kúrò nídìí ìkòkò aró lọ síwájú Àpótí pẹ̀lú aṣọ tí mo fi di ọrùn nítorí òógùn, nọ́ńbà mi sì fò sókè ní mẹ́rin. Mi ò sọ fún Àpótí, àwọn èèyàn mi ni mo sọ fún.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tó ń bà wá lẹ́rù, Bàbá Láyíwọlá la máa ń nawọ́ sí. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ ìpẹ́pẹ́ tó bo ojú rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì wálẹ̀ láti mẹ́tàlélógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ogójì òwúrọ̀ tẹ̀ léra, kò dé méjìdínlógún tí òfin ní kó dé kí èèyàn tó lè máa gba ẹ̀kán. Ní òwúrọ̀ tó pé ogójì, Àpótí kọrin fún un. Ó ní ó ti bọ́ lọ́wọ́ àìsàn, ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà, àwa òmùgọ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká kọlu òpó ilé. Ó padà lọ síwájú Àpótí, Àpótí ní, "A kò rí yín nínú Ìwé Ẹ̀kán." Ohùn obìnrin yẹn náà ló fi sọ ọ́, kò yí padà rárá. Orúkọ tí wọ́n bá ti pa rẹ́ nínú ìwé yẹn kì í padà síbẹ̀. Nísinsìnyí Bàbá Láyíwọlá ń hun agbọ̀n lójúde Sìdíkátù, ọwọ́ ló sì fi ń ríran.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, bí mo ti fẹ́ máa lọ ni Àpótí ní kí n dúró. Ìwé kan yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé e sún mọ́ ojú, mo gbé e jìnnà, ìkùukùu ni mo rí. Sìdíkátù ló kà á fún mi: "Ìwòsàn méjì nínú iṣẹ́ abẹ kan. A ó yọ ìpẹ́pẹ́ ojú yín, a ó fi lẹ́ńsì tuntun rọ́pò rẹ̀, ìfúnpá ojú yín yóò sì wálẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni." Ó kà á tán, kò wò mí lójú. Irú ìwé tí Bàbá Láyíwọlá gbà nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan kò yí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Àwọn Olùṣọ́ Ìwé tí wọ́n ń wọn oògùn fún wa ní ẹ̀kán méjì lójúmọ́, ìgbà wo ni wọ́n di ẹni tó ń fún èèyàn lójú lọ́fẹ̀ẹ́? Lójú tèmi, kì í ṣe ìpẹ́pẹ́ ni wọ́n fẹ́ yọ. Orúkọ ni wọ́n fẹ́ yọ. Ẹ la ojú èèyàn kan, nọ́ńbà rẹ̀ á wálẹ̀, Àpótí á kọrin, oògùn ẹnìkan á sì kù síbẹ̀. Mo sọ èrò mi fún Sìdíkátù, ó ní òun náà ti rò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe sí iṣẹ́ mi?

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Aṣọ-oòrùn ni mò ń rẹ láró, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí gbogbo òrùlé ìlú kó lè máa mu oòrùn fún iná ilé. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, kò gbọ́dọ̀ ki, ojú èèyàn ni òfin sì ní kí a fi mọ̀ ọ́n. Lóṣù yẹn, ẹyẹ-irin tó ń kó aṣọ ti dá mẹ́ta padà fún mi. Ó ní aró náà ti ki jù, kò lè mu oòrùn. Mo bú u títí ó fi fò lọ. Ojú mi ń sọ fún mi pé aṣọ náà kò tíì mú aró rárá, pé ó ṣì rí bí omi ewé, mo sì ń rì í lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀mẹjọ, níbi tí ìyá mi ti ń rì í lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá tún dá ẹyọ kan padà, wọ́n á gba èdìdì mi, èyí tó fún mi láṣẹ láti máa rẹ aṣọ. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo ti fi ọwọ́ yìí rẹ aṣọ. Nítorí náà, mo lọ.

Dókítà Ìgbàyílọlá ni dókítà ojú kan ṣoṣo tó wà ní Ìsàlẹ̀-Àpáta. Obìnrin gíga ni, kò tíì pé ogójì ọdún, kì í rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí lọ́jọ́ yẹn ni pé nínú ooru yẹn, ó de kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ dé àgbọ̀n. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tó bá ń bo ara tó báyìí ní ohun tó ń fi pamọ́. Mo bi í bóyá lóòótọ́ ni iṣẹ́ abẹ yẹn ń mú ìfúnpá wálẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í ṣe fún gbogbo wọn. Ó ní ìpẹ́pẹ́ a máa nípọn, a máa gba àyè nínú ojú, bí a bá yọ ọ́, omi inú ojú á rí ọ̀nà gbà jáde dáadáa. Mo bi í bóyá yóò wà bẹ́ẹ̀ títí. Ó ní fún àwọn kan, ó lè tún gòkè lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ohun tí gilakómà sì ti pa nínú iṣan ojú kò ní jí mọ́.

"Kí ló wá dé tí ìwé yín fi pè é ní ìwòsàn?" mo bi í.

Ó gbé ojú sókè wo etí funfun kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àjà, irú èyí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ́fíìsì, kó tó dá mi lóhùn. "Èmi kọ́ ni mo kọ ìwé náà, Ìyá."

Wíwò tó wo òkè yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo rò pé ó ń wo ọ̀gá rẹ̀ bóyá ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Síbẹ̀ mo tẹ ọwọ́ mi sí ìwé, nítorí èdìdì mi.

Iṣẹ́ abẹ náà kò pẹ́. Apá irin méjì sọ̀ kalẹ̀ látòkè, iná kan tàn tí mo rò pé yóò jó mi, omi tútù ń ṣàn létí mi, mo sì ń gbọ́ tí dókítà ń bá àwọn apá náà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n fi báńdéèjì bo ojú ọ̀tún tí wọ́n ṣe. Dókítà kì mí nílọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ dorí kodò, n kò gbọ́dọ̀ sé èémí, n kò sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan fún ọrùn, nítorí ojú tuntun kò lè gba irú ipá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ibi ọrùn yẹn, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ronú pé, háà, obìnrin yìí ti mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Sìdíkátù ló bá mi tú báńdéèjì náà ní àgbàlá mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni sánmà. Mo ti gbàgbé pé bó ṣe ń rí nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, Sìdíkátù ní kí n má sunkún, pé dókítà ní kí omi má kan ojú náà. Mo yíjú sí okùn tí mo sá aṣọ sí, ayọ̀ mi sì rọlẹ̀. Gbogbo aṣọ mi ló dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹyẹ-irin kò parọ́ mọ́ mi. Ìpẹ́pẹ́ ojú ti bá mi mu àwọ̀ aró lọ, mo wá ń rọ aró lé aró láti wá ohun tó ti wà níwájú mi.

Mo wá wo Sìdíkátù. Òrùka aró kan yí ọrùn rẹ̀ po, ó fẹ̀ tó ìka méjì, ó mọ́ kedere.

Mo bi í pé kí ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bò ó kíákíá, ó ní kò sí nǹkan. Mo tún bi í, ó wolẹ̀. "Aró yín ni, Ìyá Aláró," ó wí. "Ó ti ń ràn mọ́ wa lára láti ọjọ́ tí ẹ ti fún wa láṣọ. Pọ́dà la fi ń bò ó."

Gbogbo wọn. Ọrùn ọgọ́ta èèyàn, ọdún mẹ́ta, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan tó lè la ẹnu sọ fún mi. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ta ló fẹ́ lọ bá Ìyá Aláró láti sọ fún un pé aró rẹ̀ ń ràn? Wọ́n rò pé yóò dùn mí, wọ́n sì fi pọ́dà bò ó, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń yìn mí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè bínú sí i. Èmi tí mo kọ́ wọn ní ọgbọ́n ni mo tún fi ọwọ́ ara mi sàmì sí gbogbo ẹni tó ń dá ọgbọ́n náà. Ẹnikẹ́ni tó bá lójú nínú àwọn Olùṣọ́ Ìwé lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà láàárọ̀ ọjọ́ kan kó sì pa orúkọ mọ́kànlélọ́gọ́ta rẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo ló sì wà tó ń tẹ̀ sórí ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wa. Dókítà Ìgbàyílọlá. Kò sí bí kò ṣe ní rí i.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò sùn dáadáa. Láràárọ̀ ni mo ń lọ síwájú Àpótí, mo ń so aṣọ pẹ̀lú gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún mi, nítorí ẹ̀rù ogójì òwúrọ̀ ju ẹ̀rù ojú tuntun lọ. Bí mo ti so ó tó, mọ́kàndínlógún ni Àpótí ń pè. Ó tó, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ló fi ju ti òfin lọ, ojú náà sì ń ro mí dé ọpọlọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá tú aṣọ yẹn, nọ́ńbà mi á já bọ́. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá ń so ó lọ báyìí, mo lè fi ọwọ́ ara mi ba ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún mi jẹ́.

Ní ọjọ́ keje, mo padà sọ́dọ̀ dókítà fún àyẹ̀wò. Aṣọ wà lọ́rùn mi, mo ti so ó láti ilé. Ó wò mí, ó ní kí a jáde sí ẹ̀yìnkùlé, pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára jù. Ìmọ́lẹ̀ kọ́ ló ń wá. Ẹ̀rọ tó ń fa omi wà níbẹ̀, ó ń pariwo débi pé mo ní láti sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó yọ nǹkan kékeré kan lápò, irin àtijọ́ kan tó gùn tó ìka, tó ní gíláàsì lẹ́nu. Ó ní ti ìyá òun ni, pé ó ń wọn ìfúnpá ojú, kò sì ní ọ̀nà kankan tó lè gbà bá Ìwé Ẹ̀kán sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ tú aṣọ yẹn," ó wí.

Mo ní aṣọ wo. Ó ní èyí tó wà lọ́rùn mi, èyí tí òun ti ń rí lọ́rùn gbogbo Ìsàlẹ̀-Àpáta láti ọdún mẹ́ta, tí òun kò sì tíì kọ sínú ìwé kankan. Ó wá sọ ohun tó ní lọ́kàn fún mi. Òfin ní ogójì òwúrọ̀ tó tẹ̀ léra. Òwúrọ̀ tí ojú bá wà nínú báńdéèjì, Àpótí kì í kà á, kíkà náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Kí n jẹ́ kí ọrùn mi ṣófo. Kí n jẹ́ kí Àpótí máa kà. Ní òwúrọ̀ kejìdínlógójì, kí n wá bá òun, òun yóò de ojú náà fún ọjọ́ kan, òun yóò kọ ọ́ pé ó ń pọ́n. Oògùn mi á máa kán, ojú mi á sinmi, òun náà á sì lè máa mọ nọ́ńbà mi tòótọ́, nítorí bí òun kò bá mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí ìfúnpá náà bá tún ń gòkè, òun kò ní rí i. Ó ní òun kò tíì mọ ọgbọ́n yìí nígbà ti Bàbá Láyíwọlá. Nígbà tó dárúkọ bàbá náà, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Bí irọ́ bá ni, òwúrọ̀ kejìdínlógójì ni n óò dé ibí, n óò bá ilẹ̀kùn ní títì, òwúrọ̀ méjì péré ló sì kù kí Àpótí kọrin fún mi. Bóyá ohun tí wọ́n rán an láti wá sọ nìyí. Bóyá wọ́n ti fi irú ọ̀rọ̀ yìí mú àwọn mìíràn ní ìlú mìíràn. Mo ń wo ojú rẹ̀ láti rí ibi tí irọ́ wà, ojú rẹ̀ kò sì sọ nǹkan kan fún mi. Òógùn bò ó. Ó fi ìka kan fa kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, mo sì rí i.

Etí aró kan, fẹ́ẹ́rẹ́, lábẹ́ kọ́là.

Mo ní kó jẹ́ kí n wo ọrùn rẹ̀. Ó dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ló tú bọ́tìnnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òrùka aró ni, ó yí ọrùn rẹ̀ po bí ti Sìdíkátù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ máa gbà á gbọ́. Èmi fi itọ́ tutù sí àtàǹpàkò mi, mo sì fi ha ọrùn dókítà. Ẹni tó bá fẹ́ tan aláró lè fi aró kun ọrùn láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n aró òní á bá omi lọ. Aró tó ti pẹ́ lára èèyàn ń wọ inú ìlà awọ, kì í lọ. Mo ha á títí ibẹ̀ fi gbóná. Àtàǹpàkò mi mọ́. Aró náà wà níbẹ̀.

"Níbo lo ti rí aṣọ?" mo bi í. Mi ò pè é ní ẹ mọ́.

"Ẹ gbàgbé rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi nígbà tí ẹ wá ṣàyẹ̀wò ojú lọ́dún méjì sẹ́yìn," ó wí. Ó ní ìyá òun ní gilakómà, òun náà sì ní in. Àpótí kan wà nínú ilé ìwòsàn tí òun ń gba ẹ̀kán níbẹ̀ kí àwọn aláìsàn tó dé. Láìso aṣọ, mẹ́tàdínlógún ni tirẹ̀.

Mo bi í pé ta ló ń de tirẹ̀ ní òwúrọ̀ kejìdínlógójì. Ó ní òfin kò gbà kí dókítà de ojú ara rẹ̀, kò sì sí dókítà mìíràn. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò lè rọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, ojú sì tì mí fún gbogbo ohun tí mo ti rò nípa kọ́là yẹn.

Mo tú aṣọ ọrùn mi, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo jókòó sórí òkúta, mo la ojú ọ̀tún. Ó kán omi kan sí i kó má bàa dùn mí, ó gbé irin ìyá rẹ̀ lé e, jẹ́jẹ́.

"Mẹ́rìnlá," ó wí.

Ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó wà nínú bàtà rẹ̀. Mo sọ fún un pé aṣọ tí mo fi lé e lọ́wọ́ yẹn àti tirẹ̀, kó sun wọ́n. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń yọ aṣọ nínú ìkòkò, kó wá sílé. N óò rẹ òmíràn fún un, ẹ̀ẹ̀mẹta péré, n óò fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kò ní ràn mọ́ ọn lára. N óò rẹ ti Sìdíkátù náà, àti ti gbogbo wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tò sórí ìlà. Sìdíkátù rí ọrùn mi, ó rò pé mo gbàgbé ni, ó ń tú tirẹ̀ kó lè yá mi. Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo nàró ṣánṣán, mo mí dáadáa, mo gbé ojú lé ihò náà.

"Fẹ̀hìntọlá Ajíṣebútú, aláró," ni Àpótí wí. "Ìfúnpá ojú yín jẹ́ mẹ́rìnlá. Òwúrọ̀ kìíní."

Ẹ̀kán kan sí ọ̀tún, ẹ̀kán kan sí òsì. Sìdíkátù gbá mi lápá mú, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sọ ohun tí dókítà ní kí n ṣe fún un, ó bi mí pé ta ló sọ fún mi pé mo lè gbẹ́kẹ̀ lé dókítà yẹn.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi," mo dá a lóhùn. "Mo mọ aró mi."